Káàdì kọ̀ǹpútà yín kò jóná o, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni!

Bí ẹ bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe l'Abẹ́òkúta fún wákàtí méjì péré, ẹ ó rí irú ẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé kan, bóyá ti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Alábàtà ni o, bóyá ti pólì tó wà l'Ójéèrè ni o, á gbé lápútọ́ọ̀pù kọ́ ẹ̀yìn, á wọ Màrúwá wá sí Pàǹṣẹ́kẹ́. Ojú ẹ̀ á ti pọ́n. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ti ìforúkọsílẹ̀ pa níléèwé wọn, lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ ò sì rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kankan láti àná.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, wáì-fáì mi ò gbé mọ́.”

Bọ̀dá á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, á ṣí i, á tẹ ibí, á tẹ ọ̀hún, á wá mi orí bíi dókítà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú fún ẹbí aláìsàn.

“Àbúrò, káàdì wáyálẹ́ẹ̀sì ẹ ti lọ nìyẹn. Ó ti jóná. Tuntun la máa rà.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di owó nìyẹn. Ọmọ náà á pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù ní Ìtòkú níbi tí ìyẹn ti ń ta àdìrẹ, ìyá á kọ́kọ́ bú lápútọ́ọ̀pù, á bú ìjọba, á bú ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún wọn, kó tó wá owó ọ̀hún jáde. Nígbà tí wọ́n bá wá ra káàdì tuntun tán, tí wọ́n tan ẹ̀rọ, wáì-fáì ò tún ní í gbé. Ìgbà míì gan-an, lápútọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀ á kọ̀, kò ní í tàn mọ́. Wọ́n á wá máa wo ara wọn lójú.

Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó ṣe káàdì àkọ́kọ́. Káàdì wà láàyè, ara ẹ̀ yá, ó kàn ń sùn ni. Ohun tó sì kùn ún lóorun ni pé ẹnì kan ti yọ Windows kúrò lórí ẹ̀rọ náà, ó ti fi Linux sí i, kò wá fún káàdì yẹn ní ohun tó máa jí i.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ Linux fi wá pọ̀ báyìí? Ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft káwọ́ kúrò lórí Windows 10, àfi fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Èyí tó rọ́pò ẹ̀, Windows 11, kì í gba ẹ̀rọ tó bá ti pẹ́. Bí tinú lápútọ́ọ̀pù bá jẹ́ Intel tó ti ju ìran kẹjọ lọ sẹ́yìn, Microsoft ní kò yẹ. Ẹ sì mọ irú èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ wa. Tòkunbọ̀ ni. Ẹni tó wọ ọkọ̀ ní Kútọ̀, tàbí tó wọ rélùwéè láti Láderìn lọ sí Àgége, kó tó yà sí Computer Village n'Ìkẹjà, kò lọ wá èyí tó wà nínú páálí. Ó lọ wá Latitude tí báńkì òyìnbó kan ti lò gbó, tàbí ThinkPad tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì fún ọdún márùn-ún ní Jámánì. Ẹ̀rọ tó lágbára ni wọ́n, ara wọn le, ṣùgbọ́n Windows tuntun ò fẹ́ wọn. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ tó gbọ́n ṣe ń fi Ubuntu tàbí Mint sí i. Ọ̀fẹ́ ni, kì í fi ẹ̀rọ ṣeré, fáírọ́ọ̀sì tó ń bá Windows jà kì í sì í mọ ọ̀nà ilé ẹ̀.

Ẹni tó dá Linux sílẹ̀, Linus Torvalds, ọmọ ilé-ìwé ló jẹ́ ní Helsinki lórílẹ̀-èdè Finland nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1991. Unix ló fi ṣe àwòkọ́ṣe, èyí tí àwọn ará Bell Labs l'Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ láti 1969. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ló sì wà nídìí Ubuntu, Mark Shuttleworth láti South Africa. Láti ìgbà tó ti gbé e jáde lọ́dún 2004 títí di 2011, ẹni tó bá ti béèrè, ibi yòówù kó wà láyé, wọ́n á fi síídì ẹ̀ ránṣẹ́ sí i nínú àpò ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò ní í gba kọ́bọ̀.

Nàìjíríà náà ti ní ìtàn tiẹ̀ pẹ̀lú Linux, ìtàn ọ̀hún ò sì dùn. Ọdún 2007 ni. Wọ́n fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kékeré tí Intel ń ṣe fáwọn ọmọ iléèwé, tí wọ́n ń pè ní Classmate, ẹ̀rọ 17,000, Mandriva tó jẹ́ Linux àwọn ará Faransé ni wọ́n sì ní kó máa ṣiṣẹ́ nínú wọn. Gbogbo nǹkan ti ń lọ bó ṣe yẹ, àfi bí ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, ṣe figbe ta níparí oṣù kẹwàá. Ó ní àwọn tó gbà á níṣẹ́ ti wá sọ fóun pé àwọn á sanwó sọ́fítíwíà òun o, ṣùgbọ́n Windows làwọn máa fi rọ́pò ẹ̀. Ló bá kọ lẹ́tà síta gbangba sí Steve Ballmer tó jẹ́ ọ̀gá Microsoft nígbà náà, ó bi í pé kí ló ṣe fáwọn èèyàn yìí tí wọ́n fi yí ọkàn padà. Microsoft ní àwọn ò ṣe ohun tí kò tọ́. Lẹ́yìn ariwo yẹn ni àjọ ìjọba tó ń sanwó 11,000 nínú ẹ̀rọ náà sọ pé Mandriva táwọn yàn làwọn ṣì máa lò. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe rọlẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ káàdì wa. Rédíò kékeré ni, kò ju bíi sitáǹbù méjì lọ, inú ikùn lápútọ́ọ̀pù ló ń gbé. Kó tó lè ṣiṣẹ́, ó nílò nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni dráífà. Kì í ṣe dẹ́rẹ́bà Láfẹ́ńwá tó ń pariwo pé ó ku ẹnì kan o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn jọra díẹ̀, torí dráífà ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ Linux lọ bá káàdì, tó sì ń gbé èsì padà wá. Èkejì ni firmware, ìyẹn àwọn ìlànà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì kọ fún un, tí wọ́n gbọ́dọ̀ rọ sínú ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá tàn. Bí dráífà bá wà tí firmware ò sí, káàdì á kàn máa wo dráífà bí ẹni tí kò gbọ́ èdè ni.

Orúkọ tí àwọn tó ń lo Linux mọ̀ jù nínú wàhálà yìí ni Broadcom. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni l'Amẹ́ríkà, àìmọye HP àti Dell ló sì gbé káàdì wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò kọ dráífà tí àwọn ará Linux lè tú wò, wọn ò sì fún ẹnikẹ́ni ní ìwé tó sọ bí káàdì náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí làwọn ọmọkùnrin yẹn wá ṣe? Wọ́n pín ara wọn sọ́nà méjì. Apá kan ń tú dráífà tí Broadcom kọ wò, wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Apá kejì ò fojú kan dráífà yẹn rárá, ìwé tí àwọn àkọ́kọ́ kọ ni wọ́n ń kà, òun ni wọ́n fi kọ dráífà tiwọn, kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ pé wọ́n jí iṣẹ́ òun. Ọdún 2006 ni iṣẹ́ wọn wọ inú Linux. Ó tó oṣù kẹsàn-án ọdún 2010 kí Broadcom fúnra ẹ̀ tó gbé dráífà tó ṣí sílẹ̀ jáde, àwọn káàdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nígbà náà ló sì wà fún. Àwọn àgbààgbà káàdì ti ìgbà yẹn kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀, àwọn yẹn gan-an ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ Tòkunbọ̀.

Dráífà táwọn ọmọ yìí kọ dára, kò sí àríyànjiyàn. Firmware ló kù. Broadcom ló ni ín, òfin ò sì fún àwọn tó ń pín Linux láàyè láti kó o mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi Linux sí ẹ̀rọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ wá a fúnra ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbọ́ o, lórí íntánẹ́ẹ̀tì! Ẹni tí wáì-fáì ẹ̀ ò gbé ni wọ́n ní kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ gbé ohun tó máa jẹ́ kí wáì-fáì gbé. Bíi kéèyàn ti kọ́kọ́rọ́ mọ́nú ilé ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jùwọ́ sílẹ̀ nìyí, tí wọ́n á ní Linux ò dáa, tàbí tí wọ́n á gbà pé káàdì ti jóná.

Ọ̀nà àbáyọ wà lápò gbogbo yín. Fóònù Android tí ẹ fi ń pe ara yín, ẹ fi okùn tí ẹ fi ń gba iná sí i so ó mọ́ lápútọ́ọ̀pù, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe hotspot nínú fóònù náà, ẹ tan USB tethering. Lójú Linux, fóònù yẹn ti di wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nìyẹn, kò béèrè dráífà kankan mọ́, détà yín ló máa jẹ. Kò ní í jẹ púpọ̀. Bó bá jẹ́ Ubuntu, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Additional Drivers sí, ẹ mú ti Broadcom tó bá gbé wá, ẹ dúró kó parí, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn. Bó bá jẹ́ Debian, firmware-b43-installer lẹ máa fi sí i, àfi BCM4312 irú kan tó ń fẹ́ firmware-b43-lpphy-installer.

Àwọn Debian yìí náà fojú àwọn èèyàn rí màbo tẹ́lẹ̀. Nítorí ìlànà wọn pé ohun tí kò bá ṣí sílẹ̀ pátápátá ò gbọ́dọ̀ wọ inú síídì àwọn, wọ́n kó gbogbo firmware síta. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni wọ́n dìbò láàrin ara wọn, wọ́n gbà pé kó máa wọlé, nígbà tí Debian 12 sì jáde lóṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n ti kó èyí tí òfin gbà sínú ẹ̀. Ti Broadcom àtijọ́ yìí ṣì wà níta, nítorí ẹni tó ni ín ni kò yọ̀ǹda.

Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé Broadcom ni tiyín? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu sọ ọ́ fún yín. Ẹ ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní terminal, ẹ kọ lspci -nnk síbẹ̀, ẹ tẹ Enter. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló máa tú síta, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ Network controller sí. Ní ìparí ìlà yẹn, nọ́ńbà kan máa wà láàrin àkámọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 14e4, Broadcom nìyẹn. 8086 ni ti Intel, 168c ni ti Atheros, 10ec ni ti Realtek. Ẹni tó bá bá Intel pàdé lè dúpẹ́, torí Intel ti yọ̀ǹda firmware tiwọn, Ubuntu àti Mint sì ń kó o wá látilé. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ ìlà náà. Bí ẹ bá rí Kernel driver in use pẹ̀lú orúkọ kan níwájú ẹ̀, dráífà ti di káàdì mú. Bí kò bá sí, dráífà lẹ ń wá. Bí dráífà bá wà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò tún hàn, ẹ kọ sudo dmesg, ẹ máa wo ibi tó bá ti dárúkọ firmware. Á sọ fún yín lójú ara ẹ̀ pé fáìlì báyìí báyìí lòun wá, òun ò rí i.

Kókó ibẹ̀ rèé: káàdì tó bá ti jóná kì í sábà jáde nínú lspci. Bó bá ti dárúkọ ara ẹ̀, ó ṣì ń mí.

Ohun kan tiẹ̀ wà tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò ṣáájú gbogbo èyí, ó kéré débi pé ojú máa ń ti àwọn tó bá ṣe. Bọ́tìnnì ni. Àwọn Latitude àtijọ́ kan ní bọ́tìnnì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ThinkPad kan ní tiwọn níwájú, èèyàn á ti gbé ẹ̀rọ sínú báàgì, bọ́tìnnì á ti yí padà, wáì-fáì á kú. Lórí HP, ọ̀kan nínú àwọn F tó wà lókè ni, ọmọ kékeré tó bá fọwọ́ kàn án nígbà tó ń wo kátúùnù ti pa á nìyẹn. Ẹ kọ rfkill list. Bó bá sọ pé Soft blocked: yes, ẹ kọ rfkill unblock all, á ṣí. Bó bá jẹ́ Hard blocked ló sọ pé yes, kò sí ohun tí ẹ lè kọ tó máa ṣí i, ẹ fi ọwọ́ wá bọ́tìnnì. Ẹ wo iye owó tí àwọn èèyàn á ti san lórí bọ́tìnnì.

Ibi tí ẹ̀rọ ti kọ̀ tí kò tàn lẹ́yìn tí wọ́n ra káàdì tuntun ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe àfọwọ́fà Linux rárá. HP àti ThinkPad ìgbà kan máa ń ní orúkọ àwọn káàdì tí wọ́n gbà láàyè nínú ara wọn. Káàdì tí kò bá sí lórí orúkọ yẹn, bó tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ẹ̀rọ míì, wọ́n á tì í sẹ́yìn. HP á kọ 104 sójú ẹ̀, á ní òun rí ẹ̀rọ wáyálẹ́ẹ̀sì tí òun ò mọ̀. ThinkPad á kọ 1802. Àwọn méjèèjì á dá dúró síbẹ̀, wọn ò ní í lọ síwájú. Ẹni tí kò mọ èyí á sọ pé mọ́dábọ́ọ̀dù náà ti bàjẹ́, owó míì nìyẹn. Kí ẹ yọ káàdì tuntun, kí ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà, ẹ̀rọ á tàn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi ẹjọ́ ilé da káàdì. Abẹ́òkúta tí à ń wí yìí, abẹ́ òkúta ni lóòótọ́. Rédíò inú wáì-fáì kì í gba inú àpáta kọjá, ògiri amọ̀ nípọnnípọn tó wà nínú àwọn ilé àtijọ́ ní Aké àti Ìtòkò sì máa ń gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ mì. Ẹ gbé fóònù àti lápútọ́ọ̀pù síbì kan náà. Bí fóònù bá rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí lápútọ́ọ̀pù ò rí, ẹjọ́ lápútọ́ọ̀pù ni. Bí àwọn méjèèjì ò bá rí i, ẹ fi káàdì sílẹ̀, ẹ lọ gbé rúta kúrò lẹ́yìn ògiri.

Èyí tó jọ àdììtú ni pé kí fóònù rí rúta, kí lápútọ́ọ̀pù rí gbogbo rúta àdúgbò àmọ́ kó má rí ti inú ilé. Orílẹ̀-èdè ló ń fa ìyẹn nígbà míì. L'Amẹ́ríkà, ìkanni 1 sí 11 ni wọ́n sábà ń lò, àwọn ará Yúróòpù ń lò ó dé 13. Bí rúta bá wà lórí 12 tàbí 13, tí Tòkunbọ̀ yín ṣì rò pé Amẹ́ríkà lòun wà, kò ní í wo ibẹ̀. Sudo iw reg set NG lẹ máa kọ láti sọ fún un pé ó ti dé Nàìjíríà. Ó rọrùn jù kí ẹ gbé rúta lọ sí ìkanni 6.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ti tò, ọ̀rọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ràn ojú dúdú lè kọ nmcli device wifi list, kó rí orúkọ àwọn tó wà nítòsí, kó wá so ó. Àwọn tó bá ń lo FreeBSD tàbí OpenBSD, tí wọ́n jẹ́ ìbátan Linux nínú agbo Unix, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ díẹ̀. FreeBSD máa ń fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dá wlan0 sílẹ̀ lórí káàdì kó tó dá a mọ̀. OpenBSD ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ fw_update tó máa ń lọ wá firmware fúnra ẹ̀, fóònù yẹn náà lẹ sì máa kọ́kọ́ so mọ́ ọn.

Wáì-fáì ò kúkú ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilẹ̀ Yorùbá. Lápá ìparí àwọn ọdún 1990, nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì ń tò sẹ́nu ọ̀nà NITEL kí wọ́n tó lè pe fóònù, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn ará ICTP ti Trieste nílẹ̀ Ítálì tí Abdus Salam dá sílẹ̀ lọ́dún 1964, ti ń fi rédíò so kọ̀ǹpútà ilé kan mọ́ ti ilé kejì nínú ọgbà.

Ó kù sí ibì kan. Bí lspci ò bá rí káàdì yín rárá, tí bọ́tìnnì sì wà ní ṣíṣí, ó lè jẹ́ pé ó ti yẹ̀ lójú ihò ẹ̀, pàápàá bí ẹ̀rọ bá ti já bọ́ rí. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n tó ń tún un ṣe ṣí i níwájú yín, kó yọ bátìrì kúrò, kó yọ káàdì, kó tún un tì bọ̀ ọ́, kó sì rí i pé àwọn wáyà tín-ín-rín tó wà lórí ẹ̀, dúdú kan, funfun kan lọ́pọ̀ ìgbà, jókòó dáadáa, torí èríà káàdì nìyẹn. Bí kò bá tún jáde lẹ́yìn èyí, ó ti kú lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹ má ra ti inú, nítorí ọ̀rọ̀ 104 àti 1802 yẹn. Ẹ ra èyí tó ń wọ ihò USB, kí ẹ sì béèrè èyí tí wọ́n fi AR9271 ti Atheros ṣe, firmware tiẹ̀ ṣí sílẹ̀, Linux mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ ní kó so ó mọ́ lápútọ́ọ̀pù yín níbẹ̀, ẹ kọ lsusb, ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó.